Bí A Ṣe Gbé Likáfáànì Ráfíù Gba Orí Omi

Ráfíù Àkànní, Iyèrú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà Mọjọ̀, ọmọ abíṣujóókọ, agbọ́-ikọ́-ẹ́ńjìnnì-mọ-àrùn. Àbúrò mi ni. Ní erékùṣù àwọn apẹja ló kú sí, níbi tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ẹ̀yin ará ilé ti gbọ́ ikú rẹ̀. Bí a ṣe dé ibi ìsìnkú ni mo fẹ́ sọ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó mọ́ ni mo gun bẹ́ńsíkìn, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀kadà nílẹ̀ òkèèrè níbí, láti àdúgbò Dẹ́ídò lọ sí etí omi. Álífà Sàlámì ti dé, ó gbá likáfáànì mọ́ àyà, nítorí kò sí aṣọ funfun lọ́hùn-ún. Bí a kò bá tètè dé, òkú Mùsùlùmí á sùn nílẹ̀ láìsin. Ndúmbè, ọmọ onílẹ̀, ló wa ọkọ̀.

Ìjà ilẹ̀ Bàkásì láàárín wọn àti Nàìjíríà kò jẹ́ kí wọ́n fojú ire wo ará Nàìjíríà lórí omi. Gẹ́ńdámù kan, ọlọ́pàá tiwọn, ní ká tú ẹrù. Ó rí aṣọ náà, ó béèrè ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́. A ní Ráfíù mẹkáníìkì ni. Ó ṣí fìlà, ó ní ká máa lọ.

Láàárín igi tó na gbòǹgbò sínú omi, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú. Ndúmbè fa okùn títí, ó wá jókòó.

Ó ní, “Pàpá, ẹ má mikàn. Ká sáà ti fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ráfíù, á tún un ṣe.”

Álífà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n mo ti jókòó pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Ráfíù. Mo tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà tó ń fa epo, ó le, epo ń dé. Pọ́lọ́ọ̀gì ń ṣáná. Kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ ló ní àrùn. Mo tú ife kékeré abẹ́ rẹ̀: omi àti ẹrẹ̀. Epo fàyàwọ́ tó ti Nàìjíríà wá ni. Epo ilé wa ló dá wa dúró. Ihò kabúrétọ̀ tó rí bí ojú abẹ́rẹ́ ti dí. Ndúmbè mú wáyà wá, mo kọ̀: Ráfíù ní wáyà ń fẹ ihò náà, ẹ́ńjìnnì á wá máa mu epo bí àna tó wá síbi ìsọmọlórúkọ. Ẹnu la fi ń fẹ́ ẹ. Èmi kò ní eyín iwájú, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ikọ́ ń ṣe Ndúmbè. Ó ku Álífà.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe àlùwàlá.”

Mo ní, “Ẹ tún un ṣe. Ṣé ẹ kò rí omi ni?”

Ó fẹ́ ẹ, ihò là, ó ń tu itọ́ epo títí.

Ó ku epo inú kẹ́ẹ̀gì láti fi aṣọ gbígbẹ sẹ́. Gbogbo aṣọ ara wa ló ti rin fún omi. Likáfáànì nìkan ló gbẹ. Ndúmbè wò ó, mo wò ó. Álífà fi apá bò ó.

Mo ní, “Bí Ráfíù bá wà níbí, kí ni ì bá wí?”

Álífà ní, “Á ní a ti ń pẹ́ jù.” Ó fi eyín ya tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò létí aṣọ náà.

A fi sẹ́ epo náà, ẹ́ńjìnnì jí. Nígbà tí a gúnlẹ̀, wọ́n ti wẹ òkú tán. Òórùn epo ṣì wà lọ́wọ́ Álífà bó ti ń fi likáfáànì wé e. Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn náà ni a sin ín, kí oòrùn tó wọ̀.