Ṣòkòtò La Fọ̀, A Kò Fọ Egbò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí ajá tí gbogbo ilé wa mọ̀ ṣe sọ mí di opó. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́ síbí. Ìbínú ni kò jẹ́. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, màá pa fóònù tì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra léèsì lọ́wọ́ mi mọ̀ pé Onitsha ni mò ń gbé. Ọmọ Ìwó ni mí, Ìwó náà ni ọkọ mi, Baba Kúdí, ti wá. Main Market la ti ń tajà láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Ẹ̀yìn Iweka Road ni ilé wa wà, Papa Ebuka ló ni ín. Èèyàn dáadáa ni bàbá náà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. "Ọgọ m" ló máa ń pe ọkọ mi, ìyẹn "àna mi" lédè Igbo, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni láàárín wa. Ìfẹ́ lásán ni.

Bingo ni orúkọ ajá rẹ̀. Ojú wa ló ṣe dàgbà. Bí Baba Kúdí bá ń lọ kírun àsùbáà, Bingo á yà fún un lọ́nà fúnra rẹ̀, àfi bíi pé ó mọ̀ pé Mùsùlùmí kì í fẹ́ kí ajá fẹnu kan òun. Ẹ sọ fún mi, ta ló máa rò pé irú ajá bẹ́ẹ̀ lè bu èèyàn jẹ?

Ó bu ọkọ mi jẹ láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́nu géètì, lẹ́yìn ojúgun, níbi tí ẹran ẹsẹ̀ ti pọ̀. Kò gbó, kò lé e. Ó kàn gé e jẹ, ó sì yí padà, ó lọ sùn sábẹ́ mọ́tò. Kò da itọ́ lẹ́nu, kò sáré kiri bí ajá dìgbòlugi tí wọ́n máa ń fi dẹ́rù ba ọmọdé. Nítorí náà, dìgbòlugi kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ìyàwó Papa Ebuka ló kọ́kọ́ sáré jáde. Ó da epo pupa sójú egbò náà, ó fi aṣọ dì í, ó ní omi kò gbọdọ̀ kàn án, pé omi ló máa ń jẹ́ kí egbò kẹ̀. Ohun tí ìyá mi náà máa ń sọ ní Ìwó nìyẹn.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ká ọkọ mi lára ní tirẹ̀? Ìrun ni. Itọ́ ajá ti kan ṣòkòtò tó fẹ́ fi kírun. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé kéwú ló ṣe é: ó bọ́ ṣòkòtò náà, ó fi omi àti iyẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń fi omi ṣàn án títí ó fi pé ẹ̀ẹ̀méje. Èmi ni mò ń bu omi fún un. Ṣòkòtò mọ́ tónítóní. Egbò tí itọ́ ajá wọ̀ gan-an wà lábẹ́ epo pupa, ẹnikẹ́ni kò da omi sí i.

Mo ní ká lọ ọsibítù. Ojoojúmọ́ la ń gba iwájú ọsibítù kan kọjá lọ sọ́jà. Baba Kúdí kọ̀ jálẹ̀. Ó ní wọ́n á bèèrè ẹni tó ni ajá, ọ̀rọ̀ á di ti ọlọ́pàá, ìlú á sì gbọ́ pé Yorùbá inú ilé ló fẹjọ́ onílé sùn. Ó ní àlejò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún un sọ, ó ní kí n má ba òun lórúkọ jẹ́.

Nírọ̀lẹ́, Papa Ebuka gbé obì, iṣu àti àkùkọ wá bẹ̀ wá.

"Ọgọ m, abeg, no vex," ló wí. "That dog don take injection. But e no fit bite you come still dey my compound."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ rẹ̀ pa Bingo, wọ́n sì fi se pẹpẹsúùpù. Ọ̀wọ̀ ńlá ni wọ́n ka ìyẹn sí fún wa. Ọkọ mi náà gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ń ròyìn rẹ̀ kiri ní mọ́ṣáláṣí pé onílé òun pa ajá rẹ̀ nítorí òun, àwọn alàgbà sì ń ṣàdúrà fún onílé.

Nítorí pé mi ò yéé sọ̀rọ̀, ó gbà kí kẹ́mísì kan ládùúgbò gún òun lábẹ́rẹ́. Mo bi ọkùnrin náà bóyá abẹ́rẹ́ ti ajá ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Mama, injection na injection." Èyí tí wọ́n máa ń gún ẹni tí ìṣó gún lẹ́sẹ̀ ló gún un. Èmi kò mọ̀ nígbà náà. Òun tó ń gba owó lórí iṣẹ́ náà, ṣé kò yẹ kó mọ̀ ni?

Egbò san. A gbàgbé.

Ó tó bí oṣù méjì lẹ́yìn náà kí ojú àpá yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Á họ ọ́ títí, kò ní gbọ́. Ibà tẹ̀ lé e, kẹ́mísì kan náà tún fún un ní oògùn ibà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Baba Kúdí gbé bútà láti ṣe àlùwàlá. Bó ṣe bu omi sẹ́nu, ọ̀fun rẹ̀ fún pọ̀, ó ju bútà nù, ó ń mí gúlegúle. Mo lọ pọn omi mìíràn wá. Ó rí omi náà lọ́wọ́ mi lásán, ó fẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri. Ọkọ mi ni mò ń sọ o, ẹni tí kì í jẹ́ kí àlùwàlá bọ́ lára òun.

Wọ́n ní àlùjọ̀nnú ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ló lè mú kí Mùsùlùmí sá fún omi àlùwàlá? Àwọn ará mọ́ṣáláṣí wa wá ké Kùránì lé e lórí, wọ́n sì gbé hàntú dání, omi tí wọ́n fi fọ kéwú kúrò lára wàláà, pé kó mu ún. Wọ́n dì í mú, wọ́n ń fi ife kàn án lẹ́nu, ó ń jà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Ìfẹ́ náà ló sún wọn ṣe é. Gbogbo ohun tó pa ọkọ mi, ìfẹ́ la fi ṣe é.

Kúdí ọmọ wa, tó ń kàwé ní Awka, ló dé bá wa bẹ́ẹ̀. Onitsha la bí i sí, Igbo yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó jáde lọ pe kẹ̀kẹ́, a sì gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ọsibítù tí à ń gbà kọjá lójoojúmọ́.

Ọmọbìnrin Igbo kan ni dókítà náà. Ó rí i pé bí atẹ́gùn fáànù ṣe kan ọkọ mi lójú, ọ̀fun rẹ̀ tún ń fún pọ̀. Ó pa fáànù, ó kọjú sí Kúdí.

"Nkịta ọ tara ya arụ?"

Kúdí yí sí mi. "Màámi, ajá bite bàbá mi ni?" Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí. Bàbá rẹ̀ ní ká má dá a láàmú.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà bèèrè ibi tí ajá wà, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní wọ́n ti jẹ ẹ́.

Ó mú àga, ó jókòó tì mí. Ó ní àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ní ẹbí bí èèyàn ṣe ní. Ẹbí kan ló ń bí kòrónà, òmíràn ló ń bí ibà Lassa tí eku ń gbé, òmíràn ni ti èèyi tó ń ṣe ọmọdé. Ti ajá yìí wà nínú ẹbí tirẹ̀, kì í sì í kánjú. Inú iṣan ló ń gbà, díẹ̀díẹ̀, títí á fi dé ọpọlọ. Bí a bá gún abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kó tó débẹ̀, abẹ́rẹ́ náà á ṣáájú rẹ̀. Bó bá ti débẹ̀, kò sí oògùn.

Mo ní kí ló kàn mí pẹ̀lú ẹbí wọn. Mo sunkún. Gbogbo oṣù méjèèjì yẹn, ohun náà ń rìn lẹ́sẹ̀ ọkọ mi, àwa sì ń gba iwájú abẹ́rẹ́ kọjá lọ ta léèsì.

Nígbà tí ara Baba Kúdí rọlẹ̀ díẹ̀, ó ní òun fẹ́ kírun. Mo lọ bu iyẹ̀pẹ̀ nínú ọgbà ọsibítù sínú abọ́, kó fi ṣe àlùwàlá dípò omi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lù ú, ó fi ra ojú, ó fi ra ọwọ́. Iyẹ̀pẹ̀ kò bà á lẹ́rù. Ìrun tó kí kẹ́yìn nìyẹn.

Dókítà ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ Papa Ebuka tó pa ajá, ó ní kí wọ́n wá gba abẹ́rẹ́. Wọ́n gbà á. Ara wọn le títí dòní. Inú mi dùn sí i, inú sì ń bí mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Papa Ebuka sunkún bí ọmọdé. Mo bi í pé ìgbà wo ló gún Bingo lábẹ́rẹ́. Ó ní nígbà tí Bingo ṣì jẹ́ ọmọ ajá. Kò purọ́ fún wa rárá. Kò kàn mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún un gún ni.

Láìpẹ́ yìí, ó tún mú ọmọ ajá mìíràn wálé. Mo bi í léèrè abẹ́rẹ́. Ó ní, "Mama Kudi, next month." Mo wọ híjáàbù mi, mo gbé ọmọ ajá náà há abíyá, mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Alàgbà mọ́ṣáláṣí wa kan rí mi lọ́nà, ó ní, "Ìyá Kúdí, ajá kẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ajá ni.

Mo dé ilé, mo fọ apá mi ní ẹ̀ẹ̀méje, bí ọkọ mi ìbá ṣe fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọṣẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Bí ajá bá bù yín jẹ, kódà kó jẹ́ ti onílé yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìgbà pípẹ́. Ẹ lọ ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì bèèrè orúkọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ gún yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tètè pa ajá náà. Kí ojú ti onílé, kí ojú ti àlejò, ìtìjú kì í pa èèyàn.

Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ládùúgbò tiyín? Kí ni wọ́n fi sójú egbò? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni màá kà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń bẹ̀ yín: ẹnikẹ́ni kó má kọ "àmúwá Ọlọ́run" sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi.