Ìgò Tí Hajia Kulu Bọ́ Láṣọ

Ọjọ́ tí Alájì Àlíyù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Kalambaina tó ń sunkún nítorí ìgò, gbogbo Gidan Igwai, àdúgbò rẹ̀, ló ti gbọ́ kó tó délé. Ìgò àtijọ́ oníkùn ńlá ni, irú èyí tí wọ́n hun apẹ̀rẹ̀ mọ́ lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ná an lọ́wọ́ Hajia Kulu, ìyá àgbà kan ní Kalambaina tó ń hun ẹní. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá wọ̀, ojú ń ti Kulu pé òun tí wọ́n mọ̀ sí híhun á ta ohun tí híhun rẹ̀ ti jẹrà. Ló bá fi ọ̀bẹ gé apẹ̀rẹ̀ náà dànù, ó fi ọṣẹ fọ ìgò, ó gbé e fún Alájì. Ó ní òun ò ní gba owó ọṣẹ.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ní í ra ìgò òfìfo? Alájì Àlíyù ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta bátìrì ọkọ̀ ní Gawon Nama. Ó ní mọ́kàndínlógún irú rẹ̀ nílé. Àpínkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ní àlejò kankan ò lè sùn lọ́dọ̀ àwọn àfi èyí tó bá lè sùn lóòró. Bí wọ́n bá sì bi Alájì pé ṣé kì í ṣe ọtí ló wà nínú wọn nígbà kan, á ní gbogbo wọn ló ti gba Ìsìláàmù lọ́wọ́ òun. Lémọ́ọ̀mù pàápàá rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ti Kulu yìí dùn ún wọra. Ó búra pé òun ò ní gbé ìgò oníhòòhò wọlé, ó sì ní kí Kulu kọ́ òun ní híhun. Baba ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin! Gbogbo Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, á wọ kẹ̀kẹ́ márúwá lọ sí Kalambaina, á jókòó ti kaba, ewé tí wọ́n fi ń hun ẹní, Kulu á máa gbá a lọ́wọ́. Ìlà kan á wọ́ sọ́tùn-ún, èkejì á wọ́ sósì. Ó ní bí wọ́n ṣe ń hun ún ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó hun nǹkan kan rí nílé wọn.

Nígbà tí híhun bo ikùn ìgò, ó gbé e wálé. Ó kù díẹ̀ kó dé ọrùn ìgò ni ikú mú un lọ, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ mẹ́rin péré.

Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, Kulu kó kaba wá, ó ní òun fẹ́ parí iṣẹ́ náà. Àpínkẹ́, tó ti ń torí ìgò bá ọkọ rẹ̀ jà láti ọjọ́ pípẹ́, ló lọ gbé e jáde fúnra rẹ̀. Kulu yí i wò, ó ní òun á kọ́kọ́ tú àwọn ìlà tó wọ́, kó lè rẹwà.

Àpínkẹ́ gba ìgò mọ́ra.

“Rárá, Hajia. Ẹ hun tiyín lọ sókè. Ẹ má fọwọ́ kan ibi tí Alájì hun.”

Kulu rẹ kaba sómi, ó sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọwọ́ Alájì dúró sí.