Ìka Tummas àti Bọ́ọ̀lù Inú Atẹ́gùn

Bẹ́ ẹ bá dé Hamravík, abúlé kan ní erékùṣù wa, tẹ́ ẹ ń wá Tummas, ẹ má wulẹ̀ pe Tummas o. Tummas mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti kú. Ẹ ṣáà béèrè Ìka. Ọmọdé àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá rí á nawọ́ sí ilé onípákó dúdú tí koríko hù lórí òrùlé ẹ̀, á ní, "Ìka wà lọ́hùn-ún, ó ń bá àgbò ẹ̀ jà."

Ọdún 1978 ni orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, apẹja ni, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ wa. Nígbà yẹn, àwọn àgbà bọ́ọ̀lù àgbáyé ò tíì kà wá mọ́ èèyàn, àwa àtàwọn erékùṣù bíi tiwa la jọ ń gbá a láàárín ara wa. Ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, àwọn ará Shetland ló wá bá wa lálejò, ní pápá olókùúta wẹ́wẹ́ tó wà létí òkun. Wọ́n ti fi méjì sí wa láwọ̀n, ẹyọ kan làwa fi sí tiwọn. Ó ku ìṣẹ́jú kan. Réfìrí fọn fèrè: pẹ̀nárítì, tiwa ni!

Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ọjọ́ náà lè ká àgùntàn kúrò lórí òkè. Bí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, á yí lọ. Nílẹ̀ wa, tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á dojú bolẹ̀, á fi ìka kan tẹ orí bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ títí ẹni tó fẹ́ gbá a á fi dé. Tummas ló dojú bolẹ̀. Sverri, ọ̀rẹ́ ẹ̀ láti kékeré, ló fẹ́ gbá a. Sverri sáré bọ̀, gbì, gbì, gbì, bíi màlúù tí oyin ta. Kó tó dé, ìka ti kúrò, bọ́ọ̀lù ti yí. Ẹ̀gbẹ́ bàtà ló fi bà á. Bọ́ọ̀lù fò kọjá òpó, ó kọjá ògiri, ó bọ́ sókun. Títí dòní, kò tíì padà.

Sverri ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Bó bá ti mu bíà méjì, á dìde dúró, á na ìka sókè, á fẹ ihò imú, á ní: "Mo sáré bọ̀ báyìí! Ojú mi ń bẹ lára bọ́ọ̀lù! Àfi bí Tummas ṣe fa ìka yọ, fàà, bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná!"

Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Tummas á kàn gbé ife kọ́fí ẹ̀ sẹ́nu. Á ní, "Atẹ́gùn ni." Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti ń sọ ọ́ bọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ohùn ẹ̀ ò yí padà rí. "Atẹ́gùn ni."

Nígbà tó wá di 1990, ayé ti gbà wá wọlé, a fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wa tó ní láárí. Austria ni wọ́n fún wa. Sweden la ti lọ gbá a, torí a ò ní pápá oníkoríko kankan nílé. Gbogbo Hamravík lọ kó jọ sí pálọ̀ Sverri. Tummas náà ti wọ súwẹ́tà tó dáa, ó ti ń lọ, ló bá rí i pé pákó méjì ti tú lára ahéré ẹran ẹ̀, ibi tí wọ́n ń so ẹran àgùntàn kọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ gbẹ. Ó ní kóun yára kàn án. Ìgbà tó fi máa kan ìṣó tó gbẹ̀yìn, ó gbọ́ ariwo. Oókan sí òdo! Àwa! A lu Austria! Àwọn èèyàn ti tú síta, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń jó yípo lójú títì, tàgbà tọmọdé.

Sverri rí Tummas tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú hámà lọ́wọ́. "Níbo lo wà?"

"Inú ahéré ẹran."

"Áà!" Sverri dúró, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ìwọ ò wò ó? Ó ti yé mi! Ìdí tá a fi borí nìyẹn!"

Ẹ̀fẹ̀ ni o. Ṣùgbọ́n lóṣù tó tẹ̀ lé e, Tummas lọ bá wọn wò ó, Denmark sì kó mẹ́rin lé wa lórí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di òfin. Tí ilẹ̀ wa bá ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ kékeré á kígbe lójú fèrèsé ẹ̀ pé, "Ìka, ó ti tó àkókò ahéré o!" Nígbà tá a na Greece lẹ́ẹ̀mejì, inú ahéré ló wà. Nígbà tá a na Turkey, inú ahéré ló wà, Sverri gan-an gbé kọ́fí àti búrẹ́dì oníjáàmù wá fún un, kì í ṣe ti ìfẹ́ o, ó wá yẹ̀ ẹ́ wò ni bóyá ó ti sá jáde.

Tummas máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ṣeré ṣáá á pẹ́ nínú èèyàn, á wá di òótọ́. Kò fẹsẹ̀ tẹ pápá Tórshavn, olú ìlú wa, rí láyé ẹ̀. Rédíò kékeré kan, ẹran gbígbẹ tó ń fì dirodiro lókè orí, àti àgbò kan, àwọn nìkan ni alábàárìn ẹ̀. Bí wọ́n bá nà wá, á bi ara ẹ̀ pé ṣé òun ò jókòó dáadáa ni.

Ọmọ ọmọ ẹ̀ ló wá ba òfin náà jẹ́. Bergtóra lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ilé Tummas ló dàgbà sí. Ara ògiri ahéré yẹn náà ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù, ó gbá ògiri títí tí ẹran fi ń já bọ́ nínú ilé. Lọ́jọ́ Ajé kan, wọ́n pè é lórí fóònù: kó máa bọ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, Wales ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ó bá Tummas níbi tó ti ń wa ọ̀dùnkún. "Bàbá, mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì yín."

"Tíkẹ́ẹ̀tì kí ni? Rédíò mi ṣì ń sọ̀rọ̀ dáadáa."

"Ẹ má bá mi sọ ti rédíò, Bàbá."

"Ọmọ mi, ṣé o ò mọ̀ pé…"

"Mo mọ̀. Ahéré. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n." Ó ṣẹ́ ojú bíi ti Sverri, ó fẹ ihò imú. Tummas ò rẹ́rìn-ín. Bergtóra jókòó tì í lórí ilẹ̀. "Ẹ gbọ́. Ẹni tó bá kéré jù nínú ẹgbẹ́ ló ń di bọ́ọ̀lù mú tí pẹ̀nárítì bá wà tí atẹ́gùn sì ń jà. Èmi ni wọ́n fún. Wọ́n sì ti ní atẹ́gùn máa jà lọ́jọ́ Jímọ̀. Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́jọ́ yẹn?"

Tummas la ẹnu. "Atẹ́…"

Kò parí ẹ̀. Ó wo ọmọ náà, ó wo òkun. Tó bá sọ pé atẹ́gùn ni, kí lọmọ yìí máa rí kọ́ níbẹ̀?

"Ẹ̀rù bà mí," ó ní. "Bàtà Sverri ní irin nídìí. Mo rí irin yẹn tó ń bọ̀. Mo fà á yọ. Atẹ́gùn kọ́. Èmi ni."

Bergtóra náà ò rẹ́rìn-ín. "Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí ẹ̀rù ò fi ní bà mí?"

"Á bà ẹ́. Má wo bàtà ni. Ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ ni kó o dùbúlẹ̀ sí, kí ara ẹ ṣe ògiri fún bọ́ọ̀lù. Má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa, ìka kan ti tó. Kó o sì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù fi ìka sílẹ̀. Kì í ṣe pé kí ìka fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ o."

Wọ́n bọ́ sẹ́yìn ahéré. Bàbá ọlọ́dún méjìdínláàádọ́rin ń sáré bọ̀ nínú bàtà òjò, ìka Bergtóra wà lórí bọ́ọ̀lù. Ìgbà àkọ́kọ́, ó fà á yọ. Ìgbà kejì, ó fà á yọ. Ìgbà kẹta, kò fà á, bàtà òjò sì gbá a lọ́wọ́, ló bá pariwo, "Yéè! Bàbá!"

"Ó wà níbẹ̀!" Tummas ń fò sókè. "Ìka ẹ wà níbẹ̀!"

Ọmọ náà ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka ẹ̀. "Ẹ máa wá?"

"Tí mo bá wá, tí wọ́n nà yín ńkọ́?"

"Bàbá, Wales ni. Wọ́n máa nà wá náà ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n nà mí, kẹ́ ẹ má sì sí níbẹ̀?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, gbogbo Hamravík ti wà nínú bọ́ọ̀sì. Tummas yọ sí wọn pẹ̀lú súwẹ́tà tó dáa. Sverri na ọrùn jáde ní fèrèsé. "Ìka! Bọ́ọ̀sì yìí ò dúró ní ahéré o!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Billa, tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù, ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ń fi ohùn ẹkún bẹ̀ ẹ́: "Tummas, jọ̀ọ́, ro ti ọmọ náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyí."

Ẹsẹ̀ Tummas kan wà nílẹ̀, ìkejì wà nínú bọ́ọ̀sì. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí dẹ́rẹ́bà fi tẹ hóònù. "Ọmọ náà ló pè mí," ó ní. "Sverri, sún síwájú."

Kí ìdajì eré tó parí, Wales ti jẹ góòlù méjì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jẹ ẹ́, Sverri á rọra yí orí wo Tummas.

"Mi ò sọ nǹkan kan o," Sverri ní.

"O ti sọ ọ́."

Wọ́n jẹ ẹ̀kẹta. Tummas ti ń wo ọ̀nà àbájáde. Ó ń rò ó pé tóun bá jáde báyìí, ó lè ṣe wọ́n lóore. Atẹ́gùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká fìlà kúrò lórí àwọn èèyàn. Ló bá gbọ́ fèrè. Wọ́n ti gbé ọmọ wa kan ṣubú níwájú òpó. Pẹ̀nárítì!

Armgarð, kápútéènì tiwa, obìnrin gíga bí òpó iná, gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Ó yí lọ. Ó tún gbé e, ó tún yí. Ó ju ọwọ́ sí Bergtóra.

Ọmọ náà lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Ó dojú bolẹ̀. Ó na ìka kan. Tummas ti dìde, kò mọ̀ pé òun dìde. Armgarð sáré bọ̀, gbì, gbì, gbì. Ìka wà níbẹ̀. Ó tún sún mọ́ ọn. Ìka wà níbẹ̀. Gbàà! Gòlì bẹ́ sí ọ̀tún, bọ́ọ̀lù lọ sí òsì, àwọ̀n wú bí agbòòrùn tí atẹ́gùn kó sí nínú.

Bẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ máa rò pé ife ẹ̀yẹ àgbáyé la gbà. Àwọn arúgbó ń di mọ́ ọlọ́pàá. Bergtóra dìde, ó fi ìka ẹ̀ sẹ́nu, ó ń mu ún, ó wá yọ ọ́, ó nà án sókè sí apá ibi tí bàbá ẹ̀ àgbà wà. Mẹ́ta sí ọ̀kan ló parí sí. Wọ́n nà wá. Kò sẹ́ni tó rántí.

Nínú bọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe jáde nínú ihò ọ̀nà ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ òkun, Sverri yíjú sí Tummas.

"Kò fa ìka yọ," ó ní.

"Kò fà á," Tummas dáhùn. Ó tú ọ̀fun ẹ̀ ṣe, gbogbo bọ́ọ̀sì sì gbọ́. "Sverri. Lọ́jọ́sí, atẹ́gùn kọ́. Mo fà á yọ."

"Mo mọ̀." Sverri ń fọwọ́ pa orúnkún. "Èmi náà… mo dijú."

"O kí ni?"

"Mo dijú! Atẹ́gùn ń da yanrìn sí mi lójú, mo ti dijú látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ eré! Bí ìka ẹ bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, orí ẹ ni mi ò bá gbá sókun."

"Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, Sverri!"

"Ṣé ìwọ bi mí léèrè ni?"

Billa rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ní láti gbá a lẹ́yìn. Nígbà tó mí, ó ní, "Ó dáa, ta ló wá máa jókòó sí ahéré lóṣù tó ń bọ̀?"

Ìṣòro ńlá lèyí. Wọ́n jíròrò ẹ̀ títí wọ́n fi dé Hamravík.

Nígbà tí oṣù tó ń bọ̀ yẹn pé, Tummas ló kọ́kọ́ dé ibùdó bọ́ọ̀sì, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wà lápò. Ṣùgbọ́n kó tó kúrò nílé, ó yà sí ahéré, ó so àgbò mọ́ òpó, ó da koríko sílẹ̀ fún un, ó sì tan rédíò, ó gbé ohùn ẹ̀ sókè díẹ̀. Àgbà kì í fi gbogbo nǹkan ṣeré.