Wọ́n lé Ṣẹ́gun kúrò létí odò

Bàbá Tọ́pẹ́, mo jowú ìyàwó ẹlòmíràn lónìí.

Odò kún, ó gbé ọlọ́kadà kan lábẹ́ afárá tó lọ sí Ọjà Ọba. Ọkùnrin náà rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi. Ṣẹ́gun aládùúgbò wa fẹ́ bẹ́ sómi, ni ọ̀gá àwọn adóòlà ẹ̀mí bá fà á lẹ́wù.

"Okùn ẹ dà? Padà sẹ́yìn jàre! Ṣé òkú méjì lo fẹ́ ká gbé lónìí?"

Ẹlòmíràn tó so okùn mọ́dìí ló lọ gbé ọlọ́kadà náà jáde.

Kò pẹ́, ìyàwó Ṣẹ́gun já wọlé mi.

"Ìyá Tọ́pẹ́, wọ́n dójú ti ọkọ mi láàárín èrò! Kò tiẹ̀ fẹ́ jẹun."

"Ó wà nílé?"

"Ó wà ní yàrá, ó ń kùn."

Lọ́jọ́ tiyín, Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ̀yin náà ò so okùn. Èrò ń pàtẹ́wọ́ bí ẹ ṣe ń bẹ́ sódò. Kò sẹ́ni tó dójú tì yín. Òkú yín ni wọ́n gbé wá fún mi.

Mo ní kó lọ bẹ ọkọ rẹ̀ kó jẹun. Mo sì tilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tó ń kà á, kí lẹ̀ bá sọ fún ìyàwó Ṣẹ́gun?