Àgbo Dóńgóyárò tí Mo Bomi Là

Òórùn èèpo dóńgóyárò tó ń hó lórí iná igi ló máa ń jí mi láàárọ̀ ní Ìkòsí. Ó korò débi pé ẹ̀fọn tó bá gbóòórùn rẹ̀ á kó ẹrù, ó di àdúgbò Mende lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo fojú mi rí wọn níbi tí wọ́n ti ń lọ.

Èmi àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, nìkan là ń gbé. Àwọn ọmọ àdúgbò kì í bá mi ṣeré, wọ́n ní irọ́ mi ti pọ̀ jù. Àfi Ràfíù. Egbò ńlá kan wà lójúgun rẹ̀, àràárọ̀ ló ń wá kí n fi àgbo wẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgbà á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. "Tí ojú mi ò bá fún pọ̀, kòkòrò inú egbò ò ní bẹ̀rù." Wọ́n á gbé abọ́ fún mi, wọ́n á gba ọjà lọ.

Tí mo bá wẹ egbò tán, Ràfíù á jókòó gbọ́ bí mo ṣe gun ẹja kọjá odò Ògùn.

"Òpùrọ́ ni ẹ́. Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kan Ìyá Àgbà ní, "Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, Ràfíù, o ò ní dààmú wá mọ́." Inú rẹ̀ dùn. Tèmi bàjẹ́. Láti ọjọ́ náà, tí Ìyá Àgbà bá ti jáde, màá da ìlàjì àgbo inú abọ́ nù, màá fi omi kànga dí i. Mo kàn fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i ni.

Kò pẹ́ tí egbò náà wú, tó ń rùn. Ìyá Àgbà tọ́ àgbo inú ìkòkò wò, ó korò dáadáa. Wọ́n gbójú sókè wo igi dóńgóyárò ojúde wa. "Àbí igi yìí ti darúgbó ni?" Mo sáré gbé abọ́ lọ fọ̀. Bàbá Ràfíù gbé e lọ sí ọsibítù lọ́nà Ìfákọ̀. Ẹsẹ̀ náà yè, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹbí wọn lọ́hùn-ún ni Ràfíù dúró sí. Mi ò rí i mọ́ títí dòní.

Ní báyìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin ń kọ́ nípa ewé ní yunifásítì. Ó ka orúkọ èròjà inú dóńgóyárò fún mi, táníìnì, alikalọ́ídì, bí ẹni ń pe àwọn ọmọ òyìnbó wá jẹun.

"Àwọn ló ń pa kòkòrò, Bàbá."

"Téèyàn bá bomi là á ńkọ́?"

"Kò ní lágbára tó. Kòkòrò á tún pọ̀ sí i."

Ó fi ewé náà ṣe ìpara fún làpálàpá ẹsẹ̀ mi. Sátidé Sátidé ló ń wá yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sẹ́lòmíì tó ń wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Láti ìgbà náà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìpara wà, mi ò fọwọ́ kàn án.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn ò mọ ohun tó ń ṣe. Èmi mọ̀.