Bí Mo Ṣe Pa Ẹ̀rọ Àkúrẹ́ láti Erinje

Ìka ìfábẹ̀lá mi ra bàbà lókè bọ́tìnnì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó kan lẹ́tà kan, ó gbéra. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Òfo. Mo nu ìka náà mọ́ ṣòkòtò, mo tún un tẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ ikùn ọmọ tuntun. Òfo.

“Kò kọ nǹkan kan, Ridwanat.”

“Kò ní hàn, Bọ̀dá Philemon. Páásìwọ́ọ̀dù ni. Ẹ sáà máa tẹ̀ ẹ́ lọ.” Lórí fóònù ni, láti Ìlọrin, nílé àwọn àna rẹ̀.

“Bí mo bá ṣì í tẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ̀rọ á sọ fún yín.”

Ó sọ fún mi. Lẹ́ẹ̀mẹfà.

Èmi, akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ọ̀pẹ. Ọ̀gá kọ̀ǹpútà Erinje, láti ọjọ́ tí mo ti mọ ìkéde ìsìnkú tẹ̀. Ridwanat, tó ń bójú tó ẹ̀rọ tó wà ní ọ́fíìsì àjọ tó ń pín ọmọ ọ̀pẹ ní Àkúrẹ́, ló máa ń fi orúkọ wa sínú rẹ̀. Lọ́dún yìí, mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi. Màá ṣe é láti ilé, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ojú dúdú, lẹ́tà funfun, kò sí àwòrán kankan. Ohun tí o bá fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe, kọ ọ́. Àgbẹ̀ méjìlélọ́gọ́ta. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò ní rí ọmọ ọ̀pẹ gbìn.

Mo ṣáà wọlé. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ọgbọ̀n orúkọ. Mo pe Agatha, ìyàwó mi, kó wá wo ọkọ rẹ̀: mo jókòó sí Erinje, mo ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́.

“Bàbá Jùwọ́nlọ́lá, púpurù ń tutù.”

Mo dìde. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní títàn nílé wa. Iná tó bá pẹ́ kó tó dé, ìbínú ló máa ń bá dé. Ó ti jó tẹlifíṣọ̀n méjì mọ́ wa lójú. Mo kọ àṣẹ tí ń pa kọ̀ǹpútà. Mo lọ jẹun, ọkàn mi balẹ̀.

Mo padà dé, kọ̀ǹpútà mi ṣì ń tàn. Ti Àkúrẹ́ ni mo pa.

“Ẹ pa kí ni?” Ridwanat bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù. “Yéè! Ọwọ́ nìkan ló ń tan ìyẹn o, Bọ̀dá mi. Ẹni tó bá wà níwájú rẹ̀.”

Mo pe Àdìó, ọlọ́dẹ ọ́fíìsì Àkúrẹ́, kó bá mi tẹ bọ́tìnnì rẹ̀.

“Èmi kẹ̀? Kó bú gbàù mọ́ mi lọ́wọ́? Kọ́kọ́rọ́ wà níbí. Ẹ máa bọ̀ wá tẹ̀ ẹ́ fúnra yín.”

Mo wọ mọ́tò. Wákàtí mẹ́ta. Nítorí bọ́tìnnì kan. Àdìó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìka di etí. Ẹ̀rọ tàn. Ọgbọ̀n orúkọ àárọ̀ kò sọnù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìyókù, ọ̀gá àtòkèèrè-ṣiṣẹ́, imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rọ.

Agogo márùn-ún lù. Ìforúkọsílẹ̀ parí. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wọlé. Akọ̀wé kì í fi orúkọ ara rẹ̀ ṣíwájú ti àgbà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni tèmi wà.

Àwọn ará Erinje gba ọmọ ọ̀pẹ lóṣù Kẹfà. Èmi kò gbà. Ridwanat sì ti gba àṣẹ pípa ẹ̀rọ kúrò lọ́wọ́ mi.