Omi Inú Kẹ́ẹ̀gì Màmá Mi

Mo máa ń fọ́nnu pé tí wọ́n bá fi aṣọ di ojú mi, tí wọ́n bu omi oríṣi mẹ́wàá síwájú mi, màá mú omi odò ìlú wa jáde láàárín wọn. Mo sọ ọ́ níléèwé tí mo ti ń ṣe tíṣà, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi títí etí rẹ̀ fi kún. Ailegun, l'Ékòó, ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ẹnu mi ò sì tíì kúrò nílé. Bí mo ṣe máa ń wí nìyẹn.

Àṣà kan wà nínú ìdílé màmá mi. Tí a bá bímọ, ibi yòówù tí ọmọ náà ì báà wà, omi tí a ó tọ́ sí i lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ gbọ́dọ̀ jẹ́ omi odò tó ṣàn gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá. Oyin, iyọ̀, obì, orógbó, gbogbo ìyẹn ni èèyàn lè rà lọ́jà. Omi yẹn nìkan ni kò ṣe é rà. Màmá mi ló máa ń pọn ọ́n wá sí Èkó nínú kẹ́ẹ̀gì funfun kan tó ti wà láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí mi. Tí a bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán, èmi ni màá gbé ìyókù sínú fíríìjì, màá máa mu ife kan láràárọ̀ bí ẹni tí dókítà kọ oògùn fún.

Odò yẹn ló tọ́ mi dàgbà, tí ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́. Etí rẹ̀ ni màmá mi ti ń ṣe fùfú. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, tó bá rọ̀ wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fún un. Fùfú funfun báláú ni, àwọn oníbàárà máa ń ti Iléṣà wá bá wọn nílé. Òun ló rán mi níléèwé. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn, àwọn ò lè máa bẹ̀rẹ̀ mọ́, mo ní kí wọ́n rọra máa sinmi. Mo ra òróró ìpara ránṣẹ́ sí wọn.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin mi bí ọmọ rẹ̀ kejì, obìnrin. Ilé bàbá ọkọ rẹ̀ la ti fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ bíbí Ìsọlọ̀ gan-an ni àna mi yìí. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, mo lọ sí Àjàó Estate, mo gba yẹtí wúrà kékeré tí mo ní kí oníṣọ̀nà kan bá mi ṣe fún ọmọ náà, mo sì gba ibẹ̀ lọ sí Òṣòdì láti lọ pàdé màmá mi. Wọ́n ti sọ lórí fóònù pé ó di aago mẹ́rin kí n tó wá. Aago mẹ́ta ò tíì lù dáadáa tí mo fi débẹ̀.

Mo rí wọn kí wọ́n tó rí mi. Wọ́n jókòó sórí báàgì wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí ọkọ̀ ìlú wa máa ń já èrò sí, kẹ́ẹ̀gì funfun náà wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ń fi eyín já etí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, wọ́n sì ń fún un sínú kẹ́ẹ̀gì, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù, bí wọ́n ṣe máa ń fún fùfú nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọ̀rá òfìfo ti tó mẹ́sàn-án nílẹ̀.

Èrò Òṣòdì ń tì mí síhìn-ín, ó ń tì mí sọ́hùn-ún, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé bóyá omi ilé ló dà nù lọ́nà. Mo di èrò yẹn mú gírígírí, mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Ṣé ó dà nù ni?"

Wọ́n gbé ojú sókè. Ẹni tó ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún fi ọwọ́ bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Kò dà nù," wọ́n ní. "Kò sí nǹkan nínú ẹ̀ látilé."

Inú bí mi. Mo pariwo láàárín ọjà. "Màmá, omi ìkómọ! Ọ̀la ni o! Omi inú ọ̀rá lẹ fẹ́ fi tàn wá jẹ?" Wọ́n ní kí n jókòó. Mo ní mi ò jókòó. Wọ́n ní, "Mo ní o jókòó." Ó ti lé láàádọ́ta ọdún tí mo ti dáyé, mo ti di ìyá àgbà, mo jókòó sórí báàgì.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní àwọn èèyàn ń wa wúrà lókè odò. Àwọn kan kọ́kọ́ wá pẹ̀lú ṣọ́bìrì, kò pẹ́, katapílà dé. Wọ́n ya odò kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ń fọ iyẹ̀pẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ń da oògùn tí wọ́n fi ń mú wúrà jáde sínú rẹ̀. Omi náà pọ́n, ó ki bí ẹ̀kọ. Ẹja kú, wọ́n léfòó. Ẹ̀gẹ́ tí màmá mi rẹ síbẹ̀ dúdú, ó ń rùn, àwọn oníbàárà gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò padà wá mọ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó ni ilẹ̀ tí màmá mi ń gbin ẹ̀gẹ́ sí ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn awakùsà. Kòtò ló wà níbi tí ẹ̀gẹ́ wà tẹ́lẹ̀, ewúrẹ́ màmá mi méjì ti kú sínú rẹ̀.

"Ẹ ní orúnkún ló ń dùn yín!"

"Orúnkún mi ò ṣe nǹkan kan."

"Kí wá lẹ̀ ń ṣe jẹun?"

"Mò ń din àkàrà."

"Fún ta ni?"

Wọn ò wò mí lójú. "Fún wọn. Ta ló tún kù nílùú tó ń ra nǹkan? Àwọn ọmọ ilé wa gan-an ló wà nínú kòtò. Tí mi ò bá tà fún wọn, ta ni màá tà fún?"

Mo gbé ọwọ́ lérí. Ìyá tó fi odò yẹn tọ́ mi ló ń bọ́ àwọn tó ń pa á. Mo béèrè ìdí tí wọn ò fi sọ fún mi láti ọjọ́ yìí.

"Tí mo bá sọ, wàá ní kí n palẹ̀ mọ́, kí n máa bọ̀ l'Ékòó. Ilé la sin bàbá ẹ sí. Ibẹ̀ lèmi náà wà."

Irọ́ kọ́, ohun tí mi ò bá sọ gan-an nìyẹn. Mo wá béèrè èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ. "Láti ìgbà wo ni omi yìí ti di omi ọ̀rá?"

"Láti orí ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí."

Orí mi fò lọ. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí a ti sọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ. Èmi ni mo tọ́ omi náà wò lọ́jọ́ yẹn níwájú gbogbo àlejò, mo di ojú, mo ní, "Háà! Omi ilé rè é!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo sì mu ìyókù láràárọ̀ títí ó fi tán.

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ nígbà yẹn," màmá mi ní. "Àmọ́ bó o ṣe ní ó dùn, mo ní kí n jẹ́ kó dùn."

Ìtìjú bò mí. Kí a tó dé Ailegun, mo ti pinnu ohun tí a máa ṣe. Mo ní kí màmá mi má sọ nǹkan kan. Omi ilé ni a máa pè é níwájú àna, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a kóra jọ sílé àna mi. Wọ́n fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀ kàn án. Ó wá kan omi. Iṣẹ́ mi ni láti gbé abọ́ omi sókè, kí n pe orúkọ odò tí wọ́n ti pọn ọ́n. Mo gbé abọ́ sókè. Ẹnu mi là, orúkọ odò ò jáde. Mo tún gbìyànjú. Ọmọ mi ń wò mí, gbogbo ilé ń wò mí.

Màmá mi dìde, wọ́n gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi.

"Omi inú ọ̀rá ni," wọ́n ní. "Òṣòdì ni mo ti rà á. Odò wa ti bàjẹ́. Wọ́n ń wa góòlù nínú ẹ̀. Mi ò lè pọn omi yẹn fún ọmọ tí mo fẹ́ràn."

Mo ń retí kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Àna mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìyá, gọ́tà tẹ́ ẹ gba orí rẹ̀ kọjá kẹ́ ẹ tó wọ àdúgbò yìí, odò ni. A lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀ nígbà tá a wà lọ́mọdé, a pẹja níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi ò gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ ọ́." Wọ́n mi orí díẹ̀. "Ẹ kan ọmọ lẹ́nu, ẹ jọ̀ọ́."

Màmá mi ti ìka bọ omi, wọ́n fi kan ètè rẹ̀. Ó lá a, ó tún la ẹnu fún òmíràn, àwọn èèyàn bá rẹ́rìn-ín. Èmi náà mí kanlẹ̀. Mo rò pé ó ti parí.

Àmọ́ màmá mi ò tíì dìde lórí ọmọ. Wọ́n ń wo yẹtí tí mo fi sí i létí láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Góòlù ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ibo ni wọ́n ti wà á?"

Mo ti béèrè lọ́wọ́ oníṣọ̀nà yẹn bóyá àwọ̀ rẹ̀ ò ní í ṣá, bóyá kò ní í dá egbò sí ọmọ létí. Mi ò béèrè ibi tí wọ́n ti wà á.